Kí Àwọn Ọmọ Wa Lè Délé: Ọ̀rọ̀ Nípa Ìrìn Ojú Pópó ní Àsìkò Ọyẹ́

 Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, ṣùgbọ́n kí àwọn àgbà má ṣe rò pé a ó dá wọn sí.

Àsìkò ọyẹ́ ni àsìkò tí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń wá sílé. Láti ayé àwọn baba wa ni a ti jẹ́ oníṣòwò. Àwọn ènìyàn wa tẹ̀dó sí Òkè Ọya, wọ́n sì lọ títí dé ilẹ̀ Gánà, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ti padà wálé nígbà tí ìjọba ibẹ̀ lé àwọn àlejò jáde ní ọdún 1969. Ìrìnàjò kì í ṣe ohun àjèjì sí wa rárá. Ojú ọ̀nà ni ó yí padà. Ẹni tí ó bá ń ti Èkó tàbí Ìbàdàn bọ̀ yóò la Ọ̀yọ́ kọjá, yóò sì ré Odò Ọbà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀nà kan náà yìí ni àwọn tírélà àti ọkọ̀ agbépo tí ń lọ sí Òkè Ọya ń gbà. Ní ọdún 2010 ni ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ sísọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó tó kìlómítà 52, di alábala méjì síta. Fún ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ọ̀hún kò parí, tí ọkọ̀ tí ń lọ àti èyí tí ń bọ̀ ń kọjú sí ara wọn lórí ọ̀nà tóóró àtijọ́. Ó tọ́ kí a máa bá ìjọba wí. Ṣùgbọ́n ìbáwí kì í dá ọkọ̀ dúró.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ọkọ̀ tí ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń jẹ ilẹ̀ tó mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí èkejì bá ń bọ̀ níwájú pẹ̀lú eré kan náà, mítà 56 ni ó ń tán láàárín àwọn méjèèjì kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Awakọ̀ tí ó yọ sí ẹ̀gbẹ́ láti gba iwájú tírélà gígùn kọjá, èyí tí wọ́n ń pè ní ofatéèkì, kò lè pa á dà mọ́ bí ọkọ̀ bá yọ lójijì láti inú kùrukùru ọyẹ́. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìrìn tí bíréèkì nílò kí ọkọ̀ tó dúró a di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí kì í fi í ṣe ojo ni ẹni tí ó bá rọra, tí ó sì tan iná ọkọ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọyẹ́.

Àwọn kan a máa wí pé Ògún ni ó ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n Ògún tí àwọn baba wa mọ̀ ni ẹni tí ó fi àdá la ọ̀nà fún àwọn yòókù. A kò gbọ́ ọ rí pé ó ní kí a fi táyà tí ó ti jẹ tán rin ìrìn òru.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2023 pé nǹkan bí mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún 190 ènìyàn ni ìjàǹbá ọkọ̀ ń pa lọ́dọọdún, àti pé òun ni ó ń pa àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 5 sí 29 jù lọ, ju àìsàn èyíkéyìí lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ni iye náà ń bá wí.

Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni a ti kọ́kọ́ gbé ìjà yìí lọ sójú pópó gidi. Ikú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ lójú ọ̀nà dun Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká. Ní ọdún 1977, nígbà tí Jemibewon jẹ́ gómìnà ológun, a dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìpínlẹ̀ sílẹ̀, àwọn tí ará ìlú ń pè ní Maja-Maja. Ìjọba àpapọ̀ tú wọn ká ní ọdún 1983, ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 1988, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó padà wá di ti gbogbo Nàìjíríà, a sì fi Ṣóyínká ṣe alága àjọ náà.

Ẹni tí ó bá ń sọ pé ìwà ènìyàn wa kò lè yí padà, kí ó bi àwọn àgbà ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Ọwọ́ òsì ni gbogbo wa ti ń rìn tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, gbogbo orílẹ̀-èdè yí sí ọwọ́ ọ̀tún. Lóòótọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, nígbà tí a sọ akoto di dandan fún àwọn ọlọ́kadà, àwọn kan dé igbá, àwọn mìíràn dé ìkòkò. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ṣùgbọ́n agbárí kì í mọ àwàdà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tí ẹ ń gun ọ̀kadà ní mẹ́ta-mẹ́ta láti lé kíláàsì bá, a ń rí yín.

Ó wá kan àwọn òbí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé ìwakọ̀. Síbẹ̀, bí ọkọ̀ tuntun bá ti wọ agboolé lọ́jọ́ ọdún, ọmọ ọdún 15 ni a máa ń fún ní kọ́kọ́rọ́ pé kí ó lọ kí àwọn ẹbí. Kì í ṣe ìkẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń fi fóònù pe ọmọ ní Èkó ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ pé dandan ni kí ó bá yín jẹun lálẹ́, ẹ̀yin ni ẹ ń lé e sínú òkùnkùn. Ẹ sọ fún un pé kí ó sùn sí Ọ̀yọ́. Ọ̀yọ́ kì í ṣe ìdálẹ̀. Ẹ wo àwọn àlejò wa bí wọ́n ti ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà 122 ni ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ má ṣe fa ẹni tí ó fara pa yọ bí ẹni ń fa iṣu, nítorí eegun ẹ̀yìn. Òfin ìlera ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tí ó wà nínú ewu pàjáwìrì fún ìdí kankan. Ẹ fi yé ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Àbá wa kò pọ̀. Lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ yìí máa ń ra aṣọ kan náà fún àjọyọ̀. Ní ọdún tí ń bọ̀, a bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a wọ ti àná, kí a fi owó náà ra akoto gidi fún àwọn ọmọ wa tí ń gun ọ̀kadà, kí a sì gba ilé alẹ́ kan sí Ọ̀yọ́ fún àwọn ọmọ tí ilẹ̀ bá ṣú bá lọ́nà. Akápò ní aṣọ ń bọ̀ lọ́nà, ṣùgbọ́n a kò tíì sanwó. A fẹ́ kí a dìbò lórí rẹ̀ kí a tó jẹun.