Wọ́n Ní Kẹ́ Ẹ Lọ Rọ́ọ́kún Nílé: Ìlera Yín Ńkọ́?

Ẹni tí wọ́n fún ní lẹ́tà níbi iṣẹ́, pé kó lọ rọ́ọ́kún nílé títí ìwádìí yóò fi parí, ni ọ̀rọ̀ tòní kàn. Kó tó di ọjọ́ kẹta, oorun ti dá lójú rẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru. Àdúgbò sì ti dá a lẹ́bi kí ìgbìmọ̀ tó jókòó.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa daṣẹ́ sílẹ̀ ní ìparí ọdún 2023, ìdádúró àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wà lára ohun tó ń bí wọn nínú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di èyí mú: ìdádúró kì í ṣe ìlélọ. Wọ́n dá Bernard Longe, ọ̀gá àgbà First Bank nígbà náà, dúró ní 2002. Wọ́n wá ṣèpàdé, wọ́n yọ ọ́ nípò láìfún un níwèé ìpè. Ní 2010, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ ní yíyọ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí ẹni tí wọ́n dá dúró kò tíì kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bó ṣe rí fún ọ̀gá báńkì ló rí fún nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé. Okùn àdéhùn kò tíì já.

Owó oṣù ńkọ́? Ìlànà òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, irú àwọn tó wà ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà, pín lẹ́tà ìdádúró sí oríṣi méjì. Ọ̀kan ń fún èèyàn ní ààbọ̀ owó oṣù. Bí ìwádìí bá dá a láre, wọn yóò san ààbọ̀ tó kù fún un. Èkejì dá owó dúró pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ̀rí gidi gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fojú hàn. Ìlànà náà fi 60 ọjọ́ sílẹ̀ láti parí ẹjọ́, àyàfi tó bá di ọ̀ràn ọ̀daràn. Òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ ní ìlànà tirẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ aládàáni, kó wo ìwé àdéhùn rẹ̀: bí kò bá sí níbẹ̀ pé wọ́n lè dáwó dúró, ọ̀gá kò lè dédé gbẹ́sẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ara líle. Òfin wa kò tíì kọ ọ́ ní pàtó pé kí agbanisíṣẹ́ máa tọ́jú ẹni tó dá dúró. Ní Bìrìtìkó, ìmọ̀ràn Acas, àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ni pé kí ilé iṣẹ́ yan ẹnì kan tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀ déédéé. Kò sófin tó ní kẹ́ ẹ má béèrè irú rẹ̀ níbí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ta ni mo lè pè? Ṣé káàdì ìlera mi ṣì ń ṣiṣẹ́? Bí wọ́n bá ní n má wọ ọgbà, ṣé mo lè lọ sí kílíníìkì tó wà nínú rẹ̀?

Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bìínú òṣìṣẹ́, tí àjọ NSITF ń mójú tó, ka ìdààmú ọkàn tí iṣẹ́ fà mọ́ àìsàn, bí dókítà tí wọ́n fọwọ́ sí bá jẹ́rìí sí i. Kì í ṣe gbogbo ìdààmú ló wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹ tètè lọ sí ọsibítù, ẹ sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ìwé.

Bí kúẹ́rì bá dé, ẹ fèsì lásìkò, kẹ́ ẹ pa ẹ̀dà kan mọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Abala 36 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa náà sọ bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ tí ìlànà fi sílẹ̀ bá kọjá láìsí ìdájọ́, ẹ lọ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín tàbí Legal Aid Council. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ wà ní Ìbàdàn àti Àkúrẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní aládùúgbò tó ń rọ́ọ́kún lọ́wọ́, ẹ yà sọ́dọ̀ rẹ̀ lálẹ́ òní. Ìgbìmọ̀ kò tíì dájọ́. Ẹ má bá wọn dá a.