Ìyọ̀ǹda àti Ìdènà: Ètò Àyè Òǹlò Kọ̀ǹpútà ní Ọ́fíìsì Kékeré ní Pápá Àjàó

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà níwájú yín lónìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá jẹ mọ́ àṣẹ àti ìgbẹ́kẹ̀lé: ta ni ó lè wọ yàrá, ta ni yóò sì dúró sí ọ̀ọ̀dẹ̀? Ẹni tí ó bá ń ka ìtàn àti eré-oníṣe Yorùbá kò lè sọ pé òun kò bá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ pàdé rí.

1. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀

Pápá Àjàó, ní agbègbè Mushin, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Ibẹ̀ ni ọjà Ládípọ̀ wà, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, tòkunbọ̀ àti tuntun. Ní ìtòsí àwọn ṣọ́ọ̀bù náà ni a ti ń rí ọ́fíìsì kéékèèké: yàrá kan, kọ̀ǹpútà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a so kọ́ra, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí gbogbo wọn jọ ń lò. Inú kọ̀ǹpútà wọ̀nyí ni iye tí a ra ọjà wà, àti iye tí a fẹ́ tà á, gbèsè tí oníbàárà jẹ, owó oṣù òṣìṣẹ́, àti nọ́ńbà fóònù ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn.

Nínú àwọn tí mo fojú ara mi rí, orúkọ ìwọlé kan ṣoṣo àti ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣoṣo, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní páswọ́ọ̀dù, ni ọ̀gá, akọ̀wé owó, atajà àti ọmọ iṣẹ́ jọ ń lò. Wọn a kọ ọ́ sí pépà, wọn a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé àbúrò ìyàwó ọ̀gá ni akọ̀wé owó, tí atajà sì jẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀. Bí ọ̀gá bá ti ilẹ̀kùn kan mọ́ wọn, wọn yóò ní, "Ọ̀gá, ṣé olè ni ẹ pè wá ni?" Nítorí kí ìyẹn má baà ṣẹlẹ̀, ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ìbéèrè àwọn ará ilé yìí ni mo fẹ́ dáhùn. Èrò tèmi ni pé ìdènà tí a fi ọgbọ́n ṣe kò ní ẹ̀sùn nínú; ààbò ni, ẹni tí ó sì ń dáàbò bò jù lọ ni ẹni tí ó kéré jù lọ nínú ọ́fíìsì.

2. Àpẹẹrẹ láti ààfin

Nínú ìwé The History of the Yorubas, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, Samuel Johnson ṣàlàyé ètò àwọn ìwẹ̀fà ní ààfin Ọ̀yọ́. Mẹ́ta ni àwọn àgbà wọn. Ọ̀nà-Ẹfà ni ó ń gbọ́ ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ ìsìn Ṣàngó wà ní ìkáwọ́ Ọ̀tún-Ẹfà. Òsì-Ẹfà sì ni ó ń ṣojú ọba. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọba ń fura sí Ọ̀tún-Ẹfà nítorí pé kò fi ẹjọ́ dídá lé e lọ́wọ́. Oyè ni ó ni àyè. Ènìyàn kàn ń jẹ oyè ni. Bí oyè bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, àyè náà yóò tẹ̀ lé e.

Èdè wa pàápàá ti ṣe ìpín yìí fún wa. A ya àṣẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ìyọ̀ǹda. Aláṣẹ ni ó lágbára láti pinnu bí nǹkan yóò ti rí. Ẹni tí a yọ̀ǹda fún ń ṣe ohun tí aláṣẹ gbà kí ó ṣe, ìyọ̀ǹda náà sì ṣeé gbà padà. Nínú ọ́fíìsì tí mo ṣàpèjúwe, aṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ ni pé a ti sọ gbogbo ènìyàn di aláṣẹ.

3. Bí ẹ̀rọ ti ń ṣe é

Ètò ìṣiṣẹ́ Unix, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1969, pín àwọn ènìyàn sí ọ̀nà mẹ́ta lórí fáìlì kọ̀ọ̀kan: ẹni tí ó ni ín, ẹgbẹ́ rẹ̀, àti àwọn yòókù. Bí èmi bá ní láti túmọ̀ rẹ̀, n ó pè wọ́n ní onílé, ará ilé àti ọ̀gbẹ̀rì. Ó sì pín ohun tí a lè ṣe sí mẹ́ta: kíkà, kíkọ, àti mímú ṣiṣẹ́. Ní 1975, Jerome Saltzer àti Michael Schroeder gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí a ṣì ń tẹ̀ lé: kí òǹlò kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n àyè tí iṣẹ́ rẹ̀ gbà, kí ó má sì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìlànà yìí wá sí Pápá Àjàó.

(i) Kí olúkúlùkù ní orúkọ ìwọlé tirẹ̀ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀.

(ii) Kí a to àwọn òǹlò sí ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ wọn, kí a sì fún ẹgbẹ́ ní àyè. Ẹgbẹ́ atajà lè ka iye owó ọjà, ṣùgbọ́n wọn kò lè yí i padà. Ẹgbẹ́ akọ̀wé owó lè kọ ìwé gbèsè. Ọmọ iṣẹ́ lè wo àwòrán ọjà àti iye tí ó kù ní ilé ìkẹ́rùsí. Bí atajà kan bá lọ tí òmíràn dé, a ó yọ orúkọ kan kúrò nínú ẹgbẹ́, a ó fi òmíràn sí i.

(iii) Kí a rántí pé ilẹ̀kùn méjì ni ó wà lórí àpò fáìlì tí a ń lò láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn. Nínú ètò Windows, ọ̀kan jẹ́ ti ìsokọ́ra, bí ẹnu ọ̀nà àgbàlá. Èkejì jẹ́ ti fáìlì fúnra rẹ̀, bí ilẹ̀kùn yàrá. Ẹni tí ó ń bọ̀ láti ìta ní láti gba méjèèjì kọjá, èyí tí ó bá sì le jù nínú wọn ni yóò borí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà tí fáìlì wà nínú rẹ̀ gan-an ti wà nínú àgbàlá. Ilẹ̀kùn yàrá nìkan ni ó kù. Ẹni tí ó bá ti ẹnu ọ̀nà àgbàlá, tí ó fi yàrá sílẹ̀, kò tíì ṣe nǹkan kan.

(iv) Kí ọ̀gá pàápàá má ṣe máa fi orúkọ aláṣẹ ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Fáìrọ́ọ̀sì tí ó bá gba ọwọ́ òǹlò kan wọlé, àyè òǹlò náà ni yóò lò. Bí òǹlò bá jẹ́ aláṣẹ, fáìrọ́ọ̀sì ti di aláṣẹ pẹ̀lú. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

(v) Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni kí a ti orúkọ rẹ̀ pa, ìbáà jẹ́ pé ìjà ni a fi túká tàbí pé àdúrà ni a fi sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

4. Ìdènà tí ó pọ̀ jù

Ó yẹ kí n sọ apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí 1969, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi lè jọ lo kọ̀ǹpútà kan. Ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ aṣínà. Ní 1962, Allan Scherr, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ń ṣe ìwádìí níbẹ̀, rí i pé wákàtí mẹ́rin tí wọ́n yọ̀ǹda fún un lọ́sẹ̀ kò tó iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí ẹ̀rọ tẹ fáìlì tí gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà wà nínú rẹ̀ jáde fún òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí lo àyè àwọn ẹlòmíràn.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé fáìlì tí ó ṣe iyebíye jù ni a kò ti ilẹ̀kùn mọ́ dáadáa. Èkejì ni pé àyè tí kò tó iṣẹ́ a máa sọ òṣìṣẹ́ rere di afọ́lé. Bí akọ̀wé owó bá ní láti dúró de ọ̀gá kí ó tó lè kọ ìwé ẹ̀rí owó kan, yóò bẹ ọ̀gá fún ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, ọ̀gá yóò sì fún un. Ibẹ̀ ni ètò ti bàjẹ́. Nítorí náà kí a kọ́kọ́ bi òṣìṣẹ́ léèrè ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ gbà, kí a tó pín àyè.

5. Ta ni yóò ru ẹ̀bi?

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo òwúrọ̀ kan tí a dé ọ́fíìsì, tí a rí i pé gbèsè oníbàárà kan ti pòórá nínú ìwé. Níbi tí orúkọ kan ṣoṣo wà, gbogbo ohun tí ẹ̀rọ lè sọ ni pé orúkọ náà ni ó ṣe é. Ta ni a ó kọ́kọ́ fura sí? Kò ní jẹ́ àbúrò ìyàwó ọ̀gá. Ọmọ iṣẹ́ ni, ẹni tí kò ní baba nílé ọjà, tí ó ń gbálẹ̀ láàárọ̀, tí ó sì ń ti ilẹ̀kùn lálẹ́. A lè lé e lọ kí ó tó parí ọdún ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀, kí a má sì mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà títí láé.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ iṣẹ́ bá ní orúkọ tirẹ̀, tí orúkọ náà kò sì lè ṣí ìwé gbèsè, yóò ní ohun tí yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá tún pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kí ó máa kọ orúkọ ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ìwé náà sílẹ̀ (nítorí kì í ṣe èyí fúnra rẹ̀ bí a kò bá ní kí ó ṣe é), akọ̀wé owó tí ó jẹ́ olóòótọ́ náà yóò ní ẹlẹ́rìí. Ìdáhùn tí ọ̀gá lè fún àwọn ará ilé rẹ̀ nìyí: "N kò pè yín lólè. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè pè yín bẹ́ẹ̀ ni."

Oníbàárà náà ní ìpín nínú rẹ̀. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù Òkúdu 2023, gbé e lé àwọn tí ó ń kó ìròyìn nípa ènìyàn jọ lọ́rùn pé kí wọ́n ṣètò ààbò tí ó yẹ fún un. Bí ìròyìn náà bá sì bọ́ sọ́wọ́ tí kò tọ́, lọ́nà tí ó lè pa ẹni tí ó ni ín lára, wákàtí 72 ni wọ́n ní láti fi tó àjọ tí ọ̀rọ̀ kàn létí. Ọ́fíìsì tí kò mọ ẹni tí ó wọ inú ìwé rẹ̀, báwo ni yóò ṣe ròyìn?

6. Ìkádìí

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ọ̀pọ̀ ń fi òwe yìí ṣe ẹ̀rí pé kí a máa ṣọ́ ará ilé. Èmi rò pé ó tún ń kọ́ wa pé kí a tún ilé ṣe, kí ikú má baà rí ibi wọ̀, kí ará ilé má sì jẹ̀bi ohun tí kò ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọ́fíìsì, ẹ já pépà tí a lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ yẹn kúrò. Kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ iṣẹ́: ẹ fún un ní orúkọ tirẹ̀.