Tata Inú Ààlà Oko

Ọ̀rọ̀ ààlà oko ni mo mú wá. Kì í ṣe ti ẹjọ́ ilẹ̀. Ti tata ni, èyí tí ara rẹ̀ ní dúdú àti ìyeyè, tí í máa rùn bí a bá tẹ̀ ẹ́.

Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, tí koríko gbẹ, ẹ̀gẹ́ ló kù tí ewé rẹ̀ tutù. Tata yóò jẹ ewé náà tán, yóò sì bó èèpo ara igi rẹ̀. Bí ẹ bá rò pé òkèèrè ló ti fò wá bí eéṣú, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tata kò ní ìyẹ́ tí yóò fi fò. Àgbà wọn pàápàá, ìyẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrú. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn wọ oko, láti inú igbó ààlà tí ó wà láàárín ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ jọ pààlà.

Ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin, àwọn abo a máa péjọ sábẹ́ igbó tí ó ṣíji, pàápàá ewé Akíntọ́lá. (Àwọn mìíràn ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òṣèlú sùn ná.) Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. Wọ́n á ki ìdí bọ̀ ọ́, wọ́n á yé ẹyin sí i. Ẹyin yìí yóò wà nínú ilẹ̀ títí òjò yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, ní oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, kí ó tó pa.

Nítorí náà, ẹ ṣọ́ ibi tí wọ́n ń péjọ sí, kí ẹ fi igi sàmì sí i. Bí wọ́n bá yé ẹyin tán, ẹ fi ọkọ́ hú ilẹ̀ ibẹ̀ síta. Oòrùn yóò gbẹ ẹyin náà pa. Lẹ́yìn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ dán èyí wò ní gúúsù Nàìjíríà, tata sì dín kù gan-an.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá hú tiyín, tí ẹni kejì kò hú tirẹ̀, tirẹ̀ yóò rìn kọjá wá. Ẹ fi ṣe àáró: òní níhà tiyín, ọ̀la níhà tirẹ̀.

Ẹ má sì torí tata dáná sun gbogbo ààlà o. Agbọ́n àti aláǹtakùn tí ń pa kòkòrò jẹ ń gbé ibẹ̀, àti oyin tí ń mú kí egúsí so. Ẹ fi pèrègún àti àwọn igi sílẹ̀. Ibi tí ẹ sàmì sí nìkan ni kí ọkọ́ dé.