Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ Ni Ìjì Ń Gbà: Ojú Ọjọ́, Ọ̀sà àti Ẹ̀mí Wa ní Ìjẹ̀dẹ́



Ọ̀rọ̀ ìjì ni mo bá wá. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí, ẹ má gbàgbé ẹyọ kan yìí: ọ̀pọ̀ ìjì tó ń da ọ̀sà wa rú ló ní àsìkò, ló ní ọ̀nà tó ń gbà, tó sì máa ń fi ara rẹ̀ hàn kó tó dé. Àwa ni a kì í kọjú síbi tó ti ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí àsìkò. Atẹ́gùn méjì ló pín ọdún láàárín ara wọn nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀kan kún fún omi, láti orí òkun Àtìláńtíìkì ló ti ń fẹ́ wá. Èkejì ni ọyẹ́, tó gbẹ, tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀. Nígbà tí òjò bá ń wọlé, láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àti nígbà tó bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, láti oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, ni ìjì máa ń le jù. Òjò oṣù kẹfà àti ìkeje lè rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ láìsí ẹ̀fúùfù púpọ̀. Àgbàrá ni ewu tirẹ̀, bí Èkó ṣe rí i ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011.

Báwo ni ìjì ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Oòrùn ọ̀sán á mú ilẹ̀ gbóná. Atẹ́gùn tó gbé omi wá láti òkun náà á gbóná, á fúyẹ́, á sì máa gòkè. Bó ṣe ń gòkè ló ń tutù, omi inú rẹ̀ á sì di ìkùukùu. Ìkùukùu ìjì lè ga ju kìlómítà 12 lọ, débi pé yìnyín ló máa ń wà lórí rẹ̀. Bí òjò bá ti ń já bọ́ láti inú rẹ̀, apá kan omi náà á gbẹ sínú afẹ́fẹ́ kó tó kan ilẹ̀. Gbígbẹ yìí á mú afẹ́fẹ́ náà tutù, bí omi tó ń gbẹ lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ṣe ń mú un gbọ̀n. Afẹ́fẹ́ tó bá tutù á wúwo. Á já lulẹ̀, á sì tàn ká níwájú òjò. Òun ni ẹ̀fúùfù líle tó ń ṣí òrùlé kí ẹ̀kán òjò kan tó bọ́.

Nítorí náà, ẹ̀fúùfù ló ń ṣíwájú, òjò ló ń tẹ̀lé e. Atukọ̀ tó bá ń dúró kí òjò bẹ̀rẹ̀ kó tó wá èbúté, ó ti pẹ́ jù. Kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń bá jà: ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2006, ọkọ̀ òfuurufú ilé-iṣẹ́ ADC gbéra ní Àbújá nígbà tí ìjì ń jà, ó sì já lulẹ̀. Ó lé ní 90 ènìyàn tó bá a lọ, tó fi mọ́ Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido. Àwọn tó ṣe ìwádìí sọ pé awakọ̀ náà mọ̀ pé ojú ọjọ́ kò dára kó tó gbéra. Bí ẹ̀fúùfù bá lè ṣe èyí fún ọkọ̀ òfuurufú, kí ni ọkọ̀ ojú omi wa jẹ́ níwájú rẹ̀?

Ẹ wá gbọ́ nípa ọ̀nà tí ìjì ń gbà. Ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin lókè, atẹ́gùn kan wà tó ń sáré láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Ipa rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjì ńlá ń tọ̀. Wọ́n á kan Ẹ̀pẹ́, tó wà níhà ìlà-oòrùn wa, kí wọ́n tó kan Ìjẹ̀dẹ́ níbí. Láti Ẹ̀pẹ́ síbí kò ju nǹkan bíi kìlómítà 40 lọ lójú òfuurufú. Ìjì tó bá ń rin kìlómítà 50 ní wákàtí kan yóò dé ọ̀dọ̀ wa láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti ibí lọ sí Èkó, ẹ̀yìn ló kọ sí ìlà-oòrùn. Sánmà iwájú rẹ̀ lè mọ́ kedere nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣú dùdù.

Ẹ máa bojú wẹ̀yìn. Bí atẹ́gùn òkun bá dákẹ́, tí ooru mú, tí ìkùukùu dúdú tẹ́ gbalaja níhà Ẹ̀pẹ́, ẹ má kúrò ní èbúté. Bí atẹ́gùn tútù bá ti ìlà-oòrùn kàn yín lójijì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù.

Àwọn kan á ní irọ́ ni NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ń pa. Ẹ jẹ́ ká ṣe ẹ̀tọ́. Bí wọ́n bá ní ìjì lè jà ní apá kan ìpínlẹ̀ Èkó, tó jà ní Ẹ̀pẹ́, tí Ìjẹ̀dẹ́ sì gbẹ, wọn kò purọ́. Ọ̀pọ̀ òjò tí àwọn ọmọ wa ń rí ní Lọ́ńdọ̀nù ń bá ìkùukùu ńlá la òkun wá, àwọn tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ níbẹ̀ á sì ti máa ṣọ́ ọ láti ọjọ́ bíi mélòó kan. Tiwa lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán kó sì parí kílẹ̀ tó ṣú. Sátẹ́láìtì ló lè rí i bó ṣe ń bọ̀. Ọ̀kan lára wọn, Meteosat, tó wà ní nǹkan bíi 36,000 kìlómítà lókè, ń ya àwòrán ìkùukùu Áfíríkà ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. NiMet àti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ wà lára àwọn tó bá Yunifásítì Leeds ṣe iṣẹ́ African SWIFT, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, lórí bí a ó ṣe máa kìlọ̀ ní wákàtí díẹ̀ ṣáájú ìjì. Àsọtẹ́lẹ̀ ń sọ ọjọ́ tó yẹ ká ṣọ́ra. Ojú wa ló máa sọ wákàtí rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ àrá. Ẹni tí òjò pa tí Ṣàngó kò pa, kó máa dúpẹ́. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá títí ẹ ó fi gbọ́ àrá. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta-mẹ́ta jẹ́ kìlómítà kan. Bí ohun tí ẹ kà kò bá tó 30, ẹ kúrò lórí omi, kẹ́ ẹ wọlé, nítorí lórí omi gbalasa, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ló ga jù. Ẹ dúró fún 30 ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá ìkẹyìn kẹ́ ẹ tó padà sórí omi.

Ohun méjì ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àkọ́kọ́, kí ẹnì kan máa ka àsọtẹ́lẹ̀ NiMet ní èdè Yorùbá ní èbúté wa kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbéra láràárọ̀. Èkejì, kí àwọn atukọ̀ Ẹ̀pẹ́ àti tiwa gba nọ́ńbà ara wọn. Bí ọ̀run bá ti ṣú l'Ẹ́pẹ́, kí ìpè dé èbúté Ìjẹ̀dẹ́, Báyẹ̀kú àti Ìpakodò, kí gbogbo ọkọ̀ dúró. Ẹ̀yin èrò, ẹ má sì pe atukọ̀ tó bá dá yín dúró ní ojo. Owó káàdì fóònù lásán ni ètò yìí máa ná wa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ìjì oṣù kẹta tó dé.