Ìtìjú àti Àwòrán Ara Ènìyàn nínú Ìlànà Ìsìláàmù



Ìfáárà

Bí a bá dárúkọ ìtìjú nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, aṣọ obìnrin ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí. Bí àwòrán ìhòòhò obìnrin bá sì tàn ká lórí fóònù, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ bá wí. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn lónìí ni pé òfin náà kò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ojú tí ń wò àti ọwọ́ tí ń fi ránṣẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tí òfin sọ

Nínú Súúrátù Núúrù, orí 24 nínú Àlùkùránì, ẹsẹ 30 pa á láṣẹ fún àwọn ọkùnrin pé kí wọn rẹ ojú wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ẹsẹ 31 pa àṣẹ kan náà fún obìnrin, tí ó sì fi ọ̀rọ̀ ìbòrí kún un. Fún ọkùnrin, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní kí ó bo ìdodo dé orúnkún. Fún obìnrin níwájú àjèjì, gbogbo ara yàtọ̀ sí ojú àti ọwọ́, bí àwọn mìíràn tilẹ̀ fi ojú kún ohun tí a ń bò.

Ní ti àwòrán, hádíìsì bá àwọn tí ń ya ohun ẹlẹ́mìí wí gidigidi. Nígbà tí ẹ̀rọ fọ́tò dé, Sheikh Muhammad Bakhit al-Muti'i, tí ó di Mufti ilẹ̀ Íjíbítì ní ọdún 1914, ṣàlàyé pé ẹ̀rọ náà kò ṣẹ̀dá ohunkóhun. Òjìji ni ó há mọ́, bí dígí ti ń gba àwòrán ẹni. Sheikh Ibn Baz ti ilẹ̀ Saudi kò gbà bẹ́ẹ̀, àfi nígbà tí ó bá di dandan. Ní ọdún 1960, Yusuf al-Qaradawi kọ ọ́ pé ohun tí fọ́tò ń fi hàn ni kí a fi ṣe ìdájọ́ rẹ̀.

Òjìji tí kò bá ẹni lọ

Ṣùgbọ́n bí a bá kúrò níwájú dígí, òjìji wa a bá wa lọ. Ti inú fóònù kì í lọ. Ẹsẹ 31 ka àwọn tí obìnrin lè ṣí ara sílẹ̀ níwájú wọn: ọkọ, bàbá, ọmọ, arákùnrin àti àwọn mìíràn. Àwòrán kò mọ ìwọ̀nyí yàtọ̀ sí àjèjì. Ohun tí ó tọ́ níwájú ẹnì kan di ìṣípayá níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún, láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni ara ṣẹ̀.

Lónìí, kọ̀ǹpútà lè ya ìhòòhò ẹni tí kò bọ́ṣọ rí. Kò sí òjìji tí a há mọ́ níbẹ̀, nítorí náà àlàyé Bakhit kò lè gbèjà rẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀sùn èké ni. Ẹsẹ 4 nínú súúrà yìí kan náà sì fi ẹgba 80 lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ̀sùn àgbèrè kan obìnrin mímọ́ láìní ẹlẹ́rìí mẹ́rin.

Ní Kánò, níbi tí òfin Ṣàríà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti ọdún 2000, fídíò ìkọ̀kọ̀ òṣèrébìnrin kan tí wọ́n fi fóònù ká sílẹ̀ dé ìgboro ní ọdún 2007. Wọ́n dá fíìmù yíyà dúró fún oṣù mélòó kan. Àwọn ènìyàn ṣì rántí orúkọ obìnrin náà. Ta ni ó rántí orúkọ àwọn tí wọ́n pín fídíò náà kiri?

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀rọ̀ wa ‘àṣírí’, láti inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá, nípasẹ̀ Haúsá. A máa ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bò wá láṣìírí. Ànọ́bì Muhammad sì ṣèlérí pé ẹni tí ó bá bo àṣírí Mùsùlùmí, Ọlọ́run yóò bo tirẹ̀ ní Ọjọ́ Àjíǹde. Àwọn baba wa ní ènìyàn ni aṣọ. Bí àwòrán ìtìjú ẹlòmíràn bá bọ́ sí wa lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí á rẹ ojú sílẹ̀, kí á pa á rẹ́, kí á má sì fi ránṣẹ́. Níbẹ̀ ni a ti di aṣọ fún un.