Iṣẹ́ Ẹni Tí Ń Gba Ìpè Pàjáwìrì
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

 

Ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí àwọn ọmọ wa lè kọ́ tí yóò ṣe àwọn àti ìlú ní àǹfààní. Èmi kò ní sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ dókítà tàbí ti lọ́yà, nítorí pé àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ti ní alágbàwí púpọ̀. Iṣẹ́ tí ojú kì í rí ni mo mú wá: iṣẹ́ ẹni tí ń gba ìpè pàjáwìrì lórí tẹlifóònù, tí ó sì ń rán panápaná, ọlọ́pàá tàbí ọkọ̀ aláìsàn lọ síbi tí wàhálà gbé wà.

Kí n tó máa kọ́ ẹlòmíràn, ó yẹ kí n jẹ́wọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1978, mo jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé tẹlifóònù kan ní Èkó. Ní òru ọjọ́ kan, obìnrin kan pè, ó ń ké pé iná ń jó ilé àwọn, àwọn ọmọ sì wà nínú rẹ̀. Mo dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ mi. Mo béèrè orúkọ rẹ̀. Ó dárúkọ. Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀, mà." Kí n tó béèrè ibi tí ó wà, wáyà já. Ní ìgbà náà, kò sí ohun tí ó lè fi ibi tí ó ti ń pè hàn mí. Mo jókòó ti tẹlifóònù títí ilẹ̀ fi mọ́, kò pè mọ́. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá àwọn ọmọ náà yè. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi kò béèrè ọ̀nà.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yìí, ní ọ̀pọ̀ ibi tí a ti ń kọ́ ọ dáadáa, fi jẹ́: "Níbo gan-an ni ìjàǹbá náà wà?" Èkejì ni nọ́ńbà tí a lè fi pe ẹni náà padà. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bí wáyà bá já lẹ́yìn ìbéèrè àkọ́kọ́, ọkọ̀ lè gbéra; bí ó bá já ṣáájú rẹ̀, ó lè ṣòro láti mọ ibi tí ọkọ̀ yóò lọ.

Ẹ̀mí ènìyàn ni a fi ra ọgbọ́n yìí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1935, ilé kan jóná ní òpópó Wimpole ní Lọ́ńdọ̀nù, obìnrin márùn-ún sì kú. Aládùúgbò kan ti pe ilé tẹlifóònù, ṣùgbọ́n wọ́n mú ìpè rẹ̀ dúró bí ìpè yòókù. Ó fi ẹ̀hónú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1937 ni a bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà 999 níbẹ̀, kí ìpè pàjáwìrì lè máa ṣáájú gbogbo ìpè. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 16 oṣù Kejì ọdún 1968 ni a kọ́kọ́ pe 911, ní ìlú Haleyville. Ní òpin àwọn ọdún 1970, dókítà kan ní Salt Lake City, Jeff Clawson, kọ ìbéèrè àti ìtọ́ni sórí káàdì, kí ẹni tí ó gba ìpè lè ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kí ọkọ̀ tó dé.

Àwa náà ti rí tiwa. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2002, àdó olóró bú gbàmù ní bárékè àwọn sójà ní Ìkẹjà. Tẹlifóònù alágbèéká ti GSM kò tíì pé ọdún kan ní ilẹ̀ wa nígbà náà. Àwọn ènìyàn ń sá láìmọ ohun tí wọ́n ń sá fún, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú sínú omi Òkè-Àfà. Lónìí, Ìpínlẹ̀ Èkó ní nọ́ńbà 767 àti 112, tí a lè pè láìsan owó. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í dáhùn fúnra rẹ̀. Ènìyàn ni í dáhùn.

Irú ènìyàn wo ni? Àkọ́kọ́, ẹni tí ohùn rẹ̀ tutù. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Bí ẹni tí ó pè bá ń ké, kì í bá a ké. Gbólóhùn kan náà ni yóò máa tún sọ pẹ̀lú ohùn kan náà títí ara onítọ̀hún yóò fi balẹ̀. Èkejì, ẹni tí etí rẹ̀ ń gbọ́ bí ìka rẹ̀ ti ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó lè tọ́ ẹni tí kò mọ ìṣègùn sọ́nà: pé kí ó fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ tí ń ṣẹ̀jẹ̀, pé bí àgbàlagbà bá dákú tí kò sì mí mọ́, kí ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ kíkankíkan, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ó lè fara da àìmọ òpin ìtàn, nítorí pé olùgba ìpè kì í sábà gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹrù yìí wúwo. Ọ̀gá tí ó bá gbọ́n yóò máa fún wọn ní ìsinmi àti ẹni tí wọn yóò bá sọ ọ́.

Iṣẹ́ náà sì ní àkàsọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ a kọ́kọ́ jókòó ti ẹni tí ó ti pẹ́ níbẹ̀, a máa fetí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà a máa gba ìpè. Bí ó bá mọ̀ ọ́n dáadáa, a bọ́ sí ipò ẹni tí ń rán ọkọ̀, tí ó gbọ́dọ̀ mọ ọkọ̀ tí ó ṣófo, tí kò sì gbọdọ̀ kó gbogbo wọn lọ sí apá kan kí apá kejì di òfìfo. Láti ibẹ̀ a lè di olùkọ́, tàbí ẹni tí ń gbọ́ àwọn ìpè tí a ti gbà sílẹ̀ láti tún àṣìṣe ṣe. A di olórí ìṣọ́, a sì di olórí ibùdó. Ìwé ẹ̀rí tí a mọ̀ káàkiri ayé fún àwọn tí ń gba ìpè àwọn aláìsàn wà, ọdún méjì-méjì ni a ń tún un gbà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ́ àwọn tí ó bá gbà síṣẹ́. Kò di dandan kí ènìyàn ti yunifásítì wá.

Ẹ̀yin òbí, wọ́n a máa fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé ará Ṣómólú ta mọ́tò fi ra kẹ̀kẹ́. Bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe sọ bẹ́ẹ̀ sí i. Ọmọ tí a tọ́ ní Bàrígà ti ní ìdajì ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè. Ó ń gbọ́ Yorùbá, ó ń gbọ́ ti Ìlàjẹ àti ti Ègùn létí ọ̀sà, ó gbọ́ Ìgbò lọ́jà, ó sì gbọ́ pijin níbi gbogbo. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá ní òun wà "lẹ́yìn ilé àwọn atẹ̀wé" kò tíì sọ ibi tí òun wà, nítorí pé ilé ìtẹ̀wé pọ̀ ní Ṣómólú bí ewé.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ ẹgbẹ́ wa. Kí a yọ díẹ̀ nínú owó ẹ̀kọ́ tí a ń dá, kí a fi rán àwọn ọ̀dọ́ wa lọ kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì lọ́dọ̀ Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa, títẹ kọ̀ǹpútà àti kíka àwòrán ilẹ̀; kí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ náà ní òkè òkun sì kọ̀wé sí wa nípa ọ̀nà tí ẹ gbà wọ̀ ọ́. Kí a kọ orúkọ sí ẹnu gbogbo òpópó wa àti nọ́ńbà sí ara gbogbo ojúlé. Kí a sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ wa kí wọ́n yé fi 112 ṣeré, nítorí pé bí ọmọ kan bá ń fi wáyà rẹ́rìn-ín, ìyá kan lè wà níta tí ń retí kí a dá a lóhùn.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti darúgbó, n kò lè gba ìpè mọ́. Ṣùgbọ́n bí ìyá kan bá tún pè ní òru, mo fẹ́ kí ó jẹ́ ọmọ wa ni yóò dá a lóhùn, kí ó sì kọ́kọ́ béèrè ọ̀nà.