Ìlédìí Olórúkọ àti Aláìlórúkọ: Èwo Ni Ká Rà fún Ọmọ?

(Ohùn tí ìyá kan nínú wa gbà sílẹ̀ láti Jikpan, Minna. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún àwọn tí kò ráàyè gbọ́ ọ.)

    

Ẹ mọ̀ pé ẹrù ọmọ ni mò ń tà. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ìyá ọmọ tuntun kan ò ní bi mí pé, "Màámi, èwo ni kí n gbé? Ṣé olórúkọ yìí ni, àbí èyí tó wà nínú náílọ́ọ̀nù funfun yẹn?" Àwọn bàbá ọmọ náà ń bèèrè, torí àpò tiwọn lowó ti ń jáde. Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn lálẹ́ òní. Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ìdáhùn mi rèé, kí n tó máa ṣàlàyé: ìlédìí tó wọ́n, tẹ́ ẹ wá ń ṣún lò, tí ọmọ fi ń wọ ẹyọ kan láti àárọ̀ di ọ̀sán, ó burú ju èyí tó pọ́ọ́kú tẹ́ ẹ ń pààrọ̀ lásìkò. Ìdí ọmọ ò lè kàwé. Kò mọ orúkọ tó wà lára náílọ́ọ̀nù. Ohun tó mọ̀ ò ju pé ara òun tutù tàbí ara òun gbẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tá à ń rà. Gbogbo wa là ń pè é ní Pampers. Oníbàárà Hausa ń pè é bẹ́ẹ̀, Nupe ń pè é bẹ́ẹ̀, Gbagyi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Pampers jẹ́ orúkọ ọjà ilé iṣẹ́ kan, Procter & Gamble ti Amẹ́ríkà, tó gbé e jáde lọ́dún 1961. Huggies jẹ́ ti Kimberly-Clark, Amẹ́ríkà náà ni. Molfix jẹ́ ti Hayat, àwọn ará Tọ́kì, wọ́n sì ń ṣe é nílẹ̀ wa níbí, ní Agbára, ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìyẹn là ń pè ní olórúkọ.

Oríṣi kejì wà tí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìyẹn èyí tí ilé ìtajà fi orúkọ ara rẹ̀ tà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí ní Ìlú Ọba, ẹ bi wọ́n. Aldi ní tiẹ̀, Mamia ló ń jẹ́. Lidl ní tiẹ̀, Lupilu ló ń jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, Walmart ń ta Parent's Choice. Kì í sábà wọ́n tó Pampers, torí wọn kì í náwó rẹpẹtẹ lórí ìpolówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lólúwa. Tí kò bá dáa, ẹni tó rà á mọ ẹnu ọ̀nà tó máa gbé e padà sí.

Oríṣi kẹta ni tiwa: èyí tí wọ́n ń kó wọ̀lú ní béèlì, tí wọ́n ń kà sínú náílọ́ọ̀nù funfun, 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n á máa pè ní grade A, grade B. Kò sí orúkọ ilé iṣẹ́, kò sí àdírẹ́sì, kò sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹ má fi wé Mamia o. Ti Aldi ní ẹni tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Tiwa yìí, ẹni tó tà á fún yín ni orúkọ rẹ̀. Mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Kí nìdí tí olórúkọ fi wọ́n tó báyìí? Ẹ má rò pé àwa tá à ń tà la dédé gbówó lé e. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa fúnra rẹ̀ pinnu iye rẹ̀ sí dọ́là, náírà sì já. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣe ìlédìí, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún náà, Procter & Gamble kéde pé àwọn ò ní máa ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, wọ́n á kàn máa kó o wọlé ni. Kimberly-Clark tó ṣí ilé iṣẹ́ ní Ikorodu lọ́dún 2022, wọ́n ní 100 mílíọ̀nù dọ́là làwọn ná sórí ẹ̀, àwọn náà kéde lọ́dún 2024 pé àwọn ń lọ. Ṣé ẹ wá rí i? Ìyá tó ń ta tòmátì ní Minna ń san owó dọ́là nídìí ọmọ ẹ̀.

Ohun tí owó yẹn wá ń fà ló ń bà mí lẹ́rù. Ìyá kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn, ìdí ọmọ pọ́n bí ata rodo. Olórúkọ ló wà nídìí ọmọ o, ojúlówó. Mo bi í pé ìgbà wo ló wọ̀ ọ́ fún un. Ó ní aago 6 àárọ̀ ni. Aago 2 ọ̀sán la sì wà yẹn. Ó ní, "Màámi, owó ẹ̀ ti wọ́n jù, mi ò lè máa yára pààrọ̀ ẹ̀." Kò sí ohun tó burú nínú ọjà tó rà. Kò kàn ní agbára láti lò ó bó ṣe yẹ ni. Ọ̀pọ̀ wa ló wà ní ipò yẹn: ọmọ wà lẹ́yìn, ìtọ̀ wà nídìí ọmọ, ìyá ń ka owó oníbàárà.

Torí náà, ẹ má ṣírò owó lẹ́yọ lẹ́yọ, ẹ ṣírò ẹ̀ ní ojúmọ́ kan. Ẹ mú fóònù yín, ẹ bá mi ṣe é. Àpẹẹrẹ lásán ni mo fẹ́ lò, ẹ fi iye tẹ́ ẹ bá rí lọ́jà yín dípò ẹ̀. Ká ní olórúkọ 60 jẹ́ ₦12,000, ẹyọ kan jẹ́ ₦200. Ká ní aláìlórúkọ 50 jẹ́ ₦6,000, ẹyọ kan jẹ́ ₦120. Ká ní ọmọ ń lo 5 lójúmọmọ. Lóru, olórúkọ 1 máa gbé e dé àárọ̀, ṣùgbọ́n aláìlórúkọ máa tó 2 kílẹ̀ tó mọ́.

Tẹ́ ẹ bá lo olórúkọ nìkan, 6 nìyẹn, ₦1,200. Tẹ́ ẹ bá lo aláìlórúkọ nìkan, 7 nìyẹn, ₦840. Ẹ wá lo aláìlórúkọ 5 lójúmọmọ, kẹ́ ẹ fi olórúkọ 1 sun ọmọ lóru: ₦600 àti ₦200, ₦800 péré. Ẹ gbọ́ o! Àdàlù yẹn ló kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ sùn, ìyá sùn, ẹnikẹ́ni ò fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀. Ẹni tó ń lo olórúkọ nìkan tẹ́lẹ̀ á fi ₦400 pamọ́ lójoojúmọ́. Láàárín 30 ọjọ́, ₦12,000 ni, odindi páálí olórúkọ kan nìyẹn, tàbí owó ẹrù díẹ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n aláìlórúkọ ju ara wọn lọ o. Ẹ má gbé e láìwò. Inú ìlédìí ní òwú tí wọ́n fi igi ṣe, wọ́n wá po ìyẹ̀fun kan mọ́ ọn tó ń dì bí ẹ̀kọ tí omi bá kàn án. Ìyẹ̀fun yẹn ló ń di ìtọ̀ mú. Ibi tí wọ́n bá ti fi sí i díẹ̀, kò ní pẹ́ tó fi máa jò. Ẹ dán an wò báyìí kẹ́ ẹ tó ra odindi: ẹ ra ẹyọ 1 olórúkọ, ẹyọ 1 aláìlórúkọ, sáìsì kan náà. Ẹ bu omi ife kékeré kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, torí ìtọ̀ ní iyọ̀ nínú, iyọ̀ sì máa ń dín agbára ìyẹ̀fun yẹn kù. Ẹ rọra dà á sáàárín méjèèjì. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ wá fi tíṣù gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ lójú. Èyí tó bá rẹ tíṣù máa rẹ ìdí ọmọ.

Ẹ tún wo etí ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣé ó ní rọ́bà tó dìde nínú, tó ń dá ìgbẹ́ dúró? Ẹ tú ibi tó ń lẹ̀, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ padà lẹ́ẹ̀mejì, ṣé ó ṣì mú? Tí inú rẹ̀ bá ya tí ìyẹ̀fun yẹn ń jáde sára ọmọ, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má sì wo oṣù ọmọ ra sáìsì, ìwọ̀n kílò rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n á wọ̀n ọ́n fún yín, ó wà nínú káàdì. Èyí tó kéré jù máa há ọmọ nítan, á sì jò. Àṣìsọ lọ̀pọ̀ ìgbà nígbà tá a bá ní "ọjà yìí ò dáa", sáìsì ló ṣì.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí 2 sí 3 lójúmọmọ. Tó bá jẹ́ ìgbẹ́ ni, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fomi fọ ìdí ọmọ, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó wọ òmíràn. Oṣù Kẹta sí Kẹrin, ẹ mọ bí ooru Minna ṣe ń ṣe wá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa wà láìwọ nǹkan kan fúngbà díẹ̀ nínú ilé. Òrí tí àwọn Nupe ń ṣe nítòsí wa níbí, ẹ lè fi díẹ̀ pa á kí ìtọ̀ má bàa máa kan awọ tààrà. Pọ́dà tá à ń dà sí i yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀, ọmọ ń fà á símú. Tí ìdí bá pọ́n tí kò rọlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 3, tó ń ṣọyún, tó ń tú roro, tàbí tí ara ọmọ gbóná, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ má wá sọ́dọ̀ mi. Ọlọ́jà ni mí, mi ò kí ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì wà nílé, nápíkì aláṣọ ò tíì kú o. Oòrùn ibí máa gbẹ ẹ́ kẹ́ ẹ tó ro àmàlà tán.

Ó wá ku ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ń tú u tà lẹ́yọ. Àánú lẹ ń ṣe, torí ẹni tó ní ₦300 lọ́wọ́ ò lè ra odindi. Ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó kà á, ẹ bò ó kí eruku ọyẹ́ má bàa bà á. Ẹ má kó aláìlórúkọ sínú náílọ́ọ̀nù olórúkọ tó ti ṣófo. Mo ti rí i lọ́jà, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́. Ẹni tẹ́ ẹ tà á fún máa fi sun ọmọ lóru, á rò pé ó máa gbé e dé àárọ̀. Ẹ sọ fún un pé, "Èyí ò lórúkọ, ọ̀sán ni kó o lò ó fún." Ó ṣì máa rà á. Ó sì máa padà wá. Ìlú onílùú la wà, orúkọ tá a bá ní lẹ́nu oníbàárà ni owó wa.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ojú ayé mú yín ra ohun tẹ́ ẹ ò ní lè pààrọ̀. Ẹ fi ohùn yìí ránṣẹ́ sí gbogbo ìyá ọmọ tẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹni tó bá dán tomi wò kó wá sọ ohun tó rí fún wa lórí ẹgbẹ́ yìí. Ọlọ́run á wo àwọn ọmọ wa. Ó dàárọ̀ o.